Ìwọ̀ jíjù lẹ́nu odò Ythan: ta ló ti bá amọ̀nà jáde fún tráòtì òkun?

ỌmọẸ̀pẹ́, 9 Oṣù Kẹrin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, àwọ̀n àti ọkọ̀ ni bàbá mi fi tọ́ wa, nítorí náà mi ò kì í ṣe àlejò omi. Ṣùgbọ́n omi ibí yìí ń ṣe mí ní kàyéfì. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé Aberdeen ní Scotland, tí mo máa ń wakọ̀ lọ sí Newburgh, bíi máìlì 13 sí àríwá, níbi tí odò Ythan ti ń wọ Òkun Àríwá. Orí iyanrìn ni mo máa ń dúró sí, tí mò ń wo àwọn tó ń ju ìwọ̀ fún tráòtì òkun, ẹja odò tó ń lọ jẹun lókun, tí ọwọ́ á máa yún mi. Lọ́dún yìí mo fẹ́ bọ́ sómi. Mo ti bá amọ̀nà kan sọ̀rọ̀, ó ní òun lè mú mi jáde lọ́jọ́ mẹ́fà kí ìgbà ẹja tó parí. Owó ọjọ́ kan tó owó ọjà ilé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́.

Ìbéèrè mi rèé. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ṣé kí n kó wọn jọ sínú ọ̀sẹ̀ kan ni àbí kí n fọ́n wọn ká? Kí ni kí n rà, kí ni kí n yá? Ṣé òótọ́ ni pé ẹja tí mo bá mú, màá dá a padà sómi ni?

Ìyá Ìbejì Ellon, 9 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ yọ ọjọ́ Àìkú kúrò nínú rẹ̀. Òfin Scotland kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá pa sámọ́nù tàbí tráòtì òkun lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí Ythan, 11 Oṣù Kejì ni wọ́n ń ṣí i, 31 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń tì í.

Láísẹ́ǹsì ìjọba tí àwọn ará England àti Wales máa ń rà, kò sí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí. Ẹ má wá rò pé omi ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ̀tọ́ láti pa sámọ́nù àti tráòtì òkun ní ẹni tó ni ín, kódà nínú omi iyọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ní onílẹ̀. Ìwé àṣẹ ẹni tó ni apá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bi amọ̀nà yín bóyá owó ìwé náà wà nínú èyí tó pè fún yín, àbí ẹ óò tún san án lọ́tọ̀. Ẹ bi í kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀. Ọkọ mi kò béèrè nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ sọ fún ìyàwó yín o. Wọn óò rí ṣòkòtò rọ́bà tí ẹ óò máa wọ̀ wọnú omi lórí okùn aṣọ bó pẹ́ bó yá.

Àgbà Ìlàjẹ, 10 Oṣù Kẹrin

Àbúrò, o kú ìnáwó. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá ẹnu odò ilẹ̀ yìí ṣeré, mo sì mọ Ythan. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé má ṣe bá amọ̀nà ṣàdéhùn aago. Omi ni kó o bá a ṣàdéhùn.

Ní Èkó, ìyàtọ̀ àárín omi tó kún àti omi tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní Ẹ̀pẹ́ tìrẹ, o lè dàgbà kó o darúgbó lórí ọ̀sà láìkà á sí. Ṣùgbọ́n ní Aberdeen, bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ yẹn ń sún mọ́ mítà mẹ́rin. Nígbà tí òṣùpá bá wà ní ìlàjì, ó máa ń kéré tó ìdajì rẹ̀. Ibi tí o fẹsẹ̀ tẹ̀ ní aago 8 òwúrọ̀, ọkọ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá ní aago 12. Láti kíkún kan dé èkejì jẹ́ wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ìyẹn ni pé lójoojúmọ́ ló ń fi bíi ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí ti àná. Amọ̀nà tó bá ní "aago 9 la máa ń pàdé, ojoojúmọ́", o ti mọ̀ pé oorun tirẹ̀ ló ń rò.

Ẹja yìí ń bá omi wọlé. Ẹja kékeré kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, sandeel lorúkọ rẹ̀, inú iyanrìn ló ń sá sí. Òun ni tráòtì òkun ń lé kiri. Bí omi bá fà dáadáa, ojú ọ̀nà odò á sún kì, ẹja á kó jọ sí ibi tó jìn. Bí omi òkun bá ti yí padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gòkè. Nítorí náà, wákàtí tó kẹ́yìn fífà àti wákàtí méjì tó bẹ̀rẹ̀ kíkún, ìyẹn ni kó o fi owó rẹ rà. Àárín méjì, kó o jẹ búrẹ́dì.

Fọ́n ọjọ́ rẹ ká. Má gba ọ̀kankan nínú oṣù yìí: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin lókè odò ní ìgbà òtútù ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sókun, wọ́n rù, orí wọn tóbi ju ara lọ, òfin ò sì gbà kó o pa wọ́n. Gba ọ̀kan ní Oṣù Kẹfà, méjì ní Oṣù Keje, ọ̀kan ní Oṣù Kẹjọ, ọ̀kan ní Oṣù Kẹsàn-án. Ìkẹfà, tọ́jú ẹ̀ sápò. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn á gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ, wàá sì fẹ́ nǹkan tí wàá fi rọ́pò rẹ̀.

Ọlọ́bẹ̀ Peckham, 10 Oṣù Kẹrin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún èmi òpè. Ẹ óò san owó amọ̀nà, ẹ óò san owó odò, ẹ óò dúró nínú òtútù láti òwúrọ̀, ẹja á wá, ẹ óò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ? Ata mi ti wà lórí iná láti ìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Alákọsílẹ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Ọlọ́bẹ̀, ẹ sọ iná kalẹ̀ díẹ̀.

Tráòtì òkun àti tráòtì tó ń gbé odò láti ìbí dé ikú, ẹja kan náà ni wọ́n, Salmo trutta. Inú odò ni gbogbo wọn ti ń jáde látinú ẹyin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn kan nínú wọn, abo ló sì pọ̀ jù, á paláwọ̀ dà di fàdákà, wọ́n á lọ jẹun lókun, wọ́n á sì padà wá yé ẹyin lódò. Sámọ́nù tó yé ẹyin, ọ̀pọ̀ ló ń kú lẹ́yìn rẹ̀. Tráòtì òkun lè lọ kó bọ̀ lọ́pọ̀ ọdún, ó sì ń tóbi sí i. Abo ńlá kan tí ẹ bá gbé sínú ìkòkò, ẹyin ọdún bíi mẹ́ta tó ń bọ̀ lẹ jẹ yẹn. Ìdí tí ọ̀pọ̀ amọ̀nà fi ń dá a padà nìyẹn. Àwọn kan máa ń gbà kéèyàn mú ẹyọ kan tó mọ níwọ̀n. Òfin sámọ́nù le ju tirẹ̀ lọ: láti 2016 ni wọ́n ti ń pín odò Scotland sí ìpele lọ́dọọdún, ìpele yẹn ló ń sọ bóyá ẹ lè mú sámọ́nù lọ sílé. Ẹ béèrè ti odò yín lọ́dún yìí, ẹ má fi ti èṣí ṣe é.

Èyí tí ẹ bá sì mú lọ sílé, ẹnu yín ni o. Ẹja sámọ́nù tàbí tráòtì òkun tí èèyàn fi ọ̀pá mú ní Scotland, títà rẹ̀ lòdì sófin.

Ọlọ́bẹ̀ Peckham, 10 Oṣù Kẹrin

Mo ti gbọ́. Títù ni mo fi sè é.

Ọ̀páGígùn, 11 Oṣù Kẹrin

Ọ̀rọ̀ rírà. Ẹ yá ọ̀pá lọ́wọ́ amọ̀nà nígbà méjì àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní i, ẹ óò sì mọ èyí tó bá apá yín mu. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá fláì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9 tàbí 10, tó ń gbé okùn nọ́ńbà 7, tó fún iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sinmi, ọ̀pá tó bá fúyẹ́ jù á kàn máa dá yín lẹ́bi. Bí fláì bá ṣòro fún yín, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ju ṣíbí onírin kékeré náà ń pa ẹja, níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wò yín torí ìyẹn.

Fún ẹni tí kò mọ fláì: ìyẹ́ àti òwú dídán ni wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ ohun tí ẹja ń jẹ. Níbí, ó gbọ́dọ̀ gùn, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó ní fàdákà díẹ̀ àti dúdú tàbí búlúù lẹ́yìn, bíi sandeel. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi odò náà sọ lórúkọ, Ythan Terror. Àwọn ará àtijọ́ máa ń so ìwọ̀ mélòó kan tẹ̀ lé ara wọn sórí rẹ̀. Èyí tí mò ń lò, ìwọ̀ kan ló ní, mo sì ti tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rọrùn láti yọ.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni ẹ̀wù ìléfòó. Ẹ ra tiyín, èyí tó ń fúnra rẹ̀ wú bí omi bá kàn án, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ sórí ohun gbogbo. Ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí lórí ṣòkòtò rọ́bà, kí omi má bàa ráyè kún inú rẹ̀ bí ẹ bá ṣubú. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ní ọwọ́ kan. Awò ojú dúdú, torí ìwọ̀ tó ń fò lẹ́yìn orí nínú afẹ́fẹ́ kò mọ ojú yàtọ̀ sí ẹja.

Ó tún ku kan: omi iyọ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ọ̀pá, okùn, ríìlì tí ẹ fi ń ká okùn, títí kan síìpù. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo wí. Ríìlì kan ti kó mi sí gbèsè torí mo ní "ó di ọ̀la".

Akẹ́kọ̀ọ́ Cardiff, 11 Oṣù Kẹrin

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ará Wales tí mò ń bá gbé ń pe ẹja kan ní sewin, wọ́n ní kò sí èyí tó dùn tó o. Ṣé òun náà nìyí?

Alákọsílẹ̀, 11 Oṣù Kẹrin

Òun ni. Ní Devon àti Cornwall, peal ni wọ́n ń pè é. Ní Scotland, èyí tó lọ sókun tó padà lọ́dún kan náà, tí kò tíì tó pọ́n-ùn kan, finnock lorúkọ ẹ̀. Bí ẹja kan ṣe ń gba orúkọ mẹ́rin láti Badagry dé Ìgbókòdá náà ni.

ỌmọẸ̀pẹ́, 12 Oṣù Kẹrin

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti fọ́n ọjọ́ náà ká bí Àgbà ṣe wí. Nígbà tí mo bi amọ̀nà pé omi wo la máa lò, ohùn rẹ̀ yí padà, ó ní àwọn èèyàn kì í bi òun bẹ́ẹ̀. Ìwé odò wà nínú owó náà. Ìyàwó mi ti gbọ́. Ó ní kí n má gbé ẹja tó ní ẹgungun wẹ́wẹ́ wá sílé òun.

ỌmọẸ̀pẹ́, 17 Oṣù Kẹfà

Ìròyìn ọjọ́ kìíní.

Aago 4 kọjá díẹ̀ ni oòrùn yọ, a sì ti wà lórí iyanrìn. Ilẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ ṣú níbí lóṣù yìí, aago 10 alẹ́ kọjá kí oòrùn tó wọ̀. Èmi tí mo ti wọ ṣòkòtò rọ́bà dé àyà, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ ọdún fún, mo rìn tààrà wọnú omi dé ìbàdí. Amọ̀nà kò bá mi wọ̀ ọ́. Ó dúró létí, ó rọra ju fláì rẹ̀ sí apá òsì mi, sí ibi tí omi ò bo kókósẹ̀ rẹ̀, bíi mítà márùn-ún sí etí. Ẹja gbé e. Ó ní, "Ibi tí o gbà kọjá ni wọ́n wà."

Ẹ̀yin ará, mo ti san owó ọjọ́ mẹ́fà tán lórí gbólóhùn yẹn. Omi tó ń kún máa ń kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí iyanrìn, sandeel á wà níbẹ̀, tráòtì á tẹ̀ lé e. Àwa tí a wá láti ọ̀sà, ibi jíjìn ni ọkàn wa máa ń lọ. Ẹ ju ìwọ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí kí ẹ tó dúró síbẹ̀.

Èmi gan-an pàdánù méjì. Ẹnu rẹ̀ rọ̀ bí ewúro tí wọ́n fọ̀, bí mo ṣe já ọ̀pá sókè, ìwọ̀ fà á ya. Amọ̀nà ní kí n máa fi ọwọ́ òsì fa okùn kíákíá, kí n na ọ̀pá sí okùn gbọọrọ, bó bá fà mí, kí n kàn máa fà á lọ láìgbé ọwọ́ sókè. Nínú omi iyọ̀, ó ní, kò sí bó o ṣe lè fa fláì kọjá ìyára tí ẹja yẹn lè bá. Ìkẹta dé bíi aago 7. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó dé inú àwọ̀n, dídán òkun ṣì wà lára rẹ̀, ó funfun bí owó ẹyọ tuntun, kòkòrò òkun méjì lẹ̀ mọ́ ọn nítòsí ìrù. Ó ní kòkòrò yẹn kì í pẹ́ já kúrò bí ẹja bá wọ omi odò, nítorí náà ẹja náà kò tíì pẹ́ tó ti òkun dé.

Àgbà Ìlàjẹ, 17 Oṣù Kẹfà

O kú oríire. Báwo lo ṣe dá a padà? Mo mọ̀ pé o ya fọ́tò.

ỌmọẸ̀pẹ́, 17 Oṣù Kẹfà

Mo yà á, bàbá. Àmọ́ inú àwọ̀n ló wà, nínú omi.

Àgbà Ìlàjẹ, 17 Oṣù Kẹfà

Ó dára. Fún àwọn tó ń ka èyí: tráòtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòkun dé, ìpẹ́ rẹ̀ ń bọ́ bí iyẹ̀fun. Ẹ rẹ ọwọ́ sómi kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má gbé e lé iyanrìn, ẹ má fún un ní ikùn, ẹ má fi ìka bọ etí rẹ̀. Bí ẹ bá ti yọ ìwọ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ẹ gbọ́wọ́ sábẹ̀ ẹ̀, ẹ dúró. Òun ló máa kúrò lọ́wọ́ yín. Bó bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ò tíì dúró tó.

ỌmọẸ̀pẹ́, 22 Oṣù Keje

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Àwọn àgbà ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú, àmọ́ ewé omi bo fláì tèmi lójú. Ewé tútù yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kan tẹ́ sórí ẹrẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa okùn, bí irun orí èèyàn ni ohun tí mò ń fà jáde. Ẹja ń fò níwájú mi. Wákàtí mẹ́rin, òfo.

Ìyá Ìbejì Ellon, 22 Oṣù Keje

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ewé yẹn kì í ṣe tuntun. Ilẹ̀ oko ló yí Ythan ká látòkè dé ìsàlẹ̀, ajílẹ̀ ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ewé ń rí i jẹ. Ní 2000 ni wọ́n ti kéde gbogbo agbègbè odò náà pé náítíréètì ti pọ̀ jù níbẹ̀, tí wọ́n sì fi òfin dí àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń da ajílẹ̀. Lóṣù yìí, ọkọ mi kì í lọ sókè afárá Waterside rárá. Ìsàlẹ̀, níbi iyanrìn, ló ń dúró sí, ó sì ń yan ọjọ́ tí omi kéré, ìgbà òṣùpá ìlàjì, torí omi ńlá ló ń gbé ewé léfòó káàkiri.

Ọ̀páGígùn, 23 Oṣù Keje

Ẹ fi okùn tó ń léfòó pátápátá dípò èyí tó ń rì díẹ̀. Fláì ẹyọ kan péré, ẹ má so méjì. Bí ìwọ̀ bá kó ewé kan, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó tún jù ú. Kódà òwú kan péré, tráòtì kì í fẹnu kàn án.

ArìnLétíÒkun, 11 Oṣù Kẹjọ

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti Oṣù Kẹrin láìsọ nǹkan kan. Ó yá kí n sọ tèmi, torí ìtìjú kì í pa èèyàn, ẹrẹ̀ ló lè pa á.

Amọ̀nà mú mi jáde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù tó kọjá, mo wá rò pé mo ti mọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì mo dá lọ. Omi ti fà, mo rí ojú ọ̀nà omi kan ní òdìkejì ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan, ẹja ń yí níbẹ̀. Mo gba àárín rẹ̀ lọ. Ìṣísẹ̀ kẹwàá, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọlé dé orúnkún. Mo fi ti òsì tì í kí n lè fà á jáde, òun náà wọlé. Mo wá ń jà. Bí mo ṣe ń jà ló ń mu mí, bí ìgbà tí wọ́n bá ń da sìmẹ́ǹtì lé èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo sì mọ̀ pé omi máa yí padà láìpẹ́.

Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn kígbe sí mi láti ọ̀nà jíjìn pé kí n jókòó. Mo rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ó tún kígbe. Mo jókòó sẹ́yìn sínú ẹrẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ìwúwo mi tàn káàkiri, rírì náà dúró. Ó ní kí n máa mi ẹsẹ̀ kan péré, díẹ̀díẹ̀, kí omi lè wọ àárín ẹsẹ̀ àti ẹrẹ̀. Wàràwàrà là ń yọ oró iná, ti ẹrẹ̀ kọ́ o. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹsẹ̀ kan tó jáde. Bàtà rọ́bà kan kù síbẹ̀. Mo fi ikùn wọ́ padà gba ojú ipasẹ̀ tèmi gan-an tí mo gbà wá. Kò wọlé wá bá mi, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì la ò bá jọ há. Ó ti pe 999, ó ní kí wọ́n fún òun ní Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là létí òkun, nígbà tí wọ́n dé mo ti wà létí, mò ń gbọ̀n. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé ṣé mo ní fóònù lára. Ó wà nínú mọ́tò.

Àgbà Ìlàjẹ, 11 Oṣù Kẹjọ

Àbúrò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. O ṣeun tí o kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ fi kọ́ ọrùn. Kí ẹni kan nílé mọ aago tí omi máa kún àti aago tí ẹ óò fi pè é. Kí ẹ sì máa wo ẹ̀yìn yín: omi tó ń wọlé kì í wá láti iwájú nìkan, ó máa ń kọ́kọ́ gba inú kòtò ẹ̀yìn wọlé, á wá sọ ibi tí ẹ dúró sí di erékùṣù. Bó bá ku ẹni kan tó fẹ́ mọ ohun tí owó amọ̀nà wà fún, èyí ni.

Bí kùrukùru òkun bá sì bolẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní haar, ẹ má dúró kí ó ká. Ẹ jáde nígbà tí ẹ ṣì ń rí etí.

ỌmọẸ̀pẹ́, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ kẹrin lọ sọ́wọ́ afẹ́fẹ́, bí Àgbà ṣe sọ tẹ́lẹ̀. Amọ̀nà pè ní alẹ́ kó tó di ọjọ́ náà, kò gba owó. Ọjọ́ karùn-ún la ṣe lánàá.

Finnock ló kún ibẹ̀. Mo mú mẹ́rin, gbogbo wọn kéré, gbogbo wọn lọ. Ìkarùn-ún tóbi, mo sì ti ń fà á bọ̀ nígbà tí orí dúdú kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ tóbi bí ti ajá. Séèlì. Ó bá mi fà á díẹ̀, okùn já, ó gbé ẹja lọ, ó tún yọrí padà wá wò mí bóyá òmíì wà. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá òkúta. Amọ̀nà di ọwọ́ mi mú.

Alákọsílẹ̀, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Ó gbà yín lọ́wọ́ kóòtù. Ẹnu odò Ythan wà lára ibi tí séèlì ti ń gòkè wá sinmi tí ìjọba Scotland fi òfin dáàbò bò láti 2017, lábẹ́ òfin òkun ti 2010. Ẹni tó bá dà wọ́n láàmú níbẹ̀ ṣẹ̀ sófin. Tiwọn nìkan kọ́: òdìkejì odò, ní Forvie, àwọn ẹyẹ òkun tó ń yé síbẹ̀ pọ̀, wọ́n sì máa ń ti apá gúúsù rẹ̀ mọ́ èèyàn láti Oṣù Kẹrin dé Oṣù Kẹjọ. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń fò dé ìsàlẹ̀ ayé lọ́dọọdún, a sì ń ṣàròyé pé ọ̀nà Newburgh jìn.

Sandeel kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Ní 2024 ni wọ́n fòfin de pípa sandeel nínú gbogbo omi òkun Scotland. Ẹ fún un láyè.

Ọ̀páGígùn, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Bí séèlì bá ti kọ́ ibi tí ẹ wà, ẹ ká okùn, ẹ rìn ní ìdajì máìlì. Má bá a du ẹja. Bí ẹja bá wà lẹ́nu ìwọ̀ nígbà tó yọjú, ẹ tú okùn sílẹ̀ kó rọ̀, ẹja lè bọ́, ó sì lè sá àsálà.

Ọlọ́bẹ̀ Peckham, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Nínú gbogbo ìjíròrò yìí, láti Oṣù Kẹrin, séèlì yẹn nìkan ló jẹ ẹja.

ỌmọẸ̀pẹ́, 31 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ tí wọ́n ń tì í. Òtútù ti wọ egungun. Amọ̀nà ní òun ò ní sọ̀rọ̀ lónìí, kí èmi mú òun jáde. Mo wo ìwé aago omi Aberdeen, mo wo afẹ́fẹ́, mo ní kí a má lọ síbi tí a máa ń lọ, torí omi kéré ni, kò ní gòkè tó bẹ́ẹ̀. Mo mú un lọ sí ibi kan tí odò ti tẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí mo rí i pé òkìtì iyanrìn ti ṣí nípò láti Oṣù Keje. Ó wo ibẹ̀, ó wò mí. Mo ju fláì sí ibi tí mo fẹ́ dúró sí. Mo dúró síbẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, ẹja kan fà mí lẹ́ẹ̀kan, ó jọ̀wọ́ mi. Òun náà kò mú nǹkan kan. Nígbà tí a ń ká okùn, ó ní òun náà ì bá yan ibẹ̀, àmọ́ òun ì bá ti dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, òṣùpá, aago omi, afẹ́fẹ́, àwọ̀ omi, ohun tí a rí. Ọjọ́ márùn-ún péré ló wà níbẹ̀, torí ti afẹ́fẹ́ yẹn kò tíì padà wá. Ó ní òun jẹ mí ní ọ̀kan ní Oṣù Kẹfà.

Ó ku nǹkan kan. Ṣòkòtò rọ́bà mi ń jò ní orúnkún òsì, mi ò sì rí ihò kankan. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń wá a?

Ìyá Ìbejì Ellon, 31 Oṣù Kẹwàá

Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lálẹ́, ẹ pa iná yàrá, ẹ ki tọ́ọ̀ṣì sínú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí iná bá ti yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ fi báírò yí i ká. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ wà ní ilé ìtajà èyíkéyìí tó bá ń ta ohun èlò ẹja, ẹ fi sí i láti inú, kì í ṣe láti ìta, kó sì sùn di ọjọ́ kejì. Ẹ má gbé e sẹ́bàá híítà. Ọkọ mi gbé e sẹ́bàá híítà.